Bí ẹgbẹ́ wẹ́dà àti ilé ẹ̀kọ́ tẹ́kínnìkà ṣe lè jọ kọ́ àgbàlagbà níṣẹ́

Ìbéèrè: Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà ní àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn àgbàlagbà ń wá bá wa pé àwọn fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ọlọ́kadà wà nínú wọn, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, obìnrin méjì náà wà, láti ẹni ọdún 26 títí dé ẹni ọdún 45. Wọn ò lè ṣe ọmọ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta bí àwọn ọmọdé. Olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ tẹ́kínnìkà ní òun á kọ́ wọn ní kíláàsì bí àwa bá gbà wọ́n sí ṣọ́ọ̀bù. Báwo la ṣe máa ṣe é tí kò fi ní dàrú mọ́ wa lọ́wọ́, tí wọ́n á sì gba ìwé tí wọ́n lè mú lọ síbikíbi?

Ìdáhùn: Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àníyàn ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí ẹ ń gbèrò yìí ṣeé ṣe, wọ́n sì ti ń ṣe é níbòmíràn tipẹ́. Ní ọdún 1906, Herman Schneider bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Yunifásítì Cincinnati ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 27, tí wọ́n ń ti kíláàsì bọ́ sí ilé iṣẹ́, tí wọ́n ń ti ilé iṣẹ́ padà sí kíláàsì. Ní Jámánì, tí wọ́n ṣe òfin rẹ̀ ní 1969, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ń lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó sì ń lo ọjọ́ kan tàbí méjì ní ilé ẹ̀kọ́. Nílé wa níbí, SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, tí ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, dá sílẹ̀ ní 1973, jọ ọ́ díẹ̀, àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni ogójì ọdún tó ń gun ọ̀kadà ní Tákíè kò sí nínú ìṣirò wọn. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe tiẹ̀ fún un.

Ẹnu iṣẹ́ ni Yorùbá ti ń kọ́ṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tó ń fín igbá àti àwọn oníṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́, inú agbo ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ojú wọn ni wọ́n fi ń wò, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń gbà á. Kíláàsì ni ohun tuntun tí ẹ fẹ́ fi kún un, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù kò bá mọ ohun tí kíláàsì ń kọ́, tí kíláàsì náà kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, ìkọ́ṣẹ́ àtijọ́ náà lẹ ṣì ń ṣe, ẹ kàn so ẹ̀kọ́ ọ̀sán mọ́ ọn nídìí ni. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó tàbí máṣíìnì, ìwé kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ.

Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìwé ìlànà iṣẹ́. Ọ̀gá mẹ́ta tó mọṣẹ́ dunjú nínú ẹgbẹ́ yín àti olùkọ́ náà ni kó jókòó kọ ọ́. Ó lè gbà wọ́n ní ìjókòó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò sì yẹ kí ẹ kánjú rẹ̀. Kí wọ́n ka gbogbo ohun tí wẹ́dà tó lè dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kí wọ́n kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀. Ẹ má kọ "kó mọ bí wọ́n ṣe ń jó irin". Ìyẹn ò ṣeé wọ̀n, ọ̀gá méjì ò sì ní fẹnu kò lé e lórí. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Kó fi ẹlẹ́tírọ́ọ̀dù (ọ̀pá tí a fi ń jó irin) géèjì 12 fa ìlà ìjórin kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 lórí irin pẹlẹbẹ, kí ìlà náà má já, kí irin náà má sì lu." Tàbí: "Kó gé páìpù onígun mẹ́rin ní dígírí 45, kó fi kó férémù fèrèsé kan jọ, bí a bá fa tépù láti igun dé igun lọ́nà méjèèjì, kí ọ̀kan má fi ju mìlímítà 3 gùn ju èkejì lọ." Iṣẹ́ wẹ́dà tí a ń ṣe ní àdúgbò máa tó ìlà 35 sí 45 bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí.

Níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ fa àyè mẹ́rin. Ọjọ́ tí kíláàsì ṣàlàyé rẹ̀ á wà ní àkọ́kọ́, ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ wo ọ̀gá bó ṣe ń ṣe é á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọjọ́ tó ṣe é lójú ọ̀gá, àti níkẹyìn ọjọ́ tó dá a ṣe tí ọ̀gá fi buwọ́ lù ú. Ìwé méjì ni kí ẹ tẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan máa gbé ṣọ́ọ̀bù láìlọ sílé, kí èkejì wà lọ́wọ́ olùkọ́. Bí ìwé bá wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, bí òjò ò bá pa á, wọ́n á kó o wá fún ọ̀gá lọ́jọ́ kan ṣoṣo nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá á sì fi àánú buwọ́ lu ogún ìlà lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ẹ bá ti rí ìbuwọ́lù tó ju mẹ́ta lọ ní ọjọ́ kan, ẹ bi ọ̀gá bẹ́ẹ̀ léèrè.

Ẹ wo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, kí ẹ lè rí bí apá méjèèjì ṣe ń bára wọn rìn.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má tan máṣíìnì. Kíláàsì á sọ̀rọ̀ iná mànàmáná, èéfín àti ìtànṣán. Ṣọ́ọ̀bù á fi ibi tí wọ́n ti ń pa iná hàn án, á sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yẹ okùn máṣíìnì wò kó má bó. Gíláàsì ìbojú tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 10 tàbí 11 ni kó máa lò. Ẹni tó bá fi awò òòrùn jó irin, tó bá di òru, ojú rẹ̀ á máa ta á bíi pé yẹ̀pẹ̀ kún inú rẹ̀. Kí wọ́n tún sọ òtítọ́ nípa irin tí wọ́n fi síǹkì bò: èéfín rẹ̀ ń fa ibà àti òtútù lálẹ́ ọjọ́ náà, mílíìkì tí ọ̀pọ̀ wẹ́dà ń mu kì í sì í dá a dúró. Kí wọ́n fi gíráńdà họ síǹkì náà kúrò níbi tí wọ́n fẹ́ jó, kí wọ́n sì dúró síbi tí atẹ́gùn á ti máa gbé èéfín lọ kúrò lójú wọn. Bí wọ́n bá sì gbé táǹkì epo bẹntiróò wá fún títúnṣe, ìbáà ti gbẹ láti ọdún kan, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ti wíwọn, ẹ má sáré kọjá níbẹ̀. Íńṣì àti ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù. Mìlímítà ni kíláàsì àti ìdánwò ń lò. Íńṣì 1 jẹ́ mìlímítà 25.4. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá há a sórí pé íńṣì 4 jẹ́ mìlímítà 100 á gé ilẹ̀kùn íńṣì 48 ní mìlímítà 1,200, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 1,219. Mìlímítà 19 ti sọnù nìyẹn. Ilẹ̀kùn náà á máa mì nínú férémù, oníbàárà á bínú, ọ̀gá á sì sọ pé kíláàsì ló ń da ọmọ òun lórí rú. Láti ọ̀sẹ̀ yìí títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá, gbogbo ìwọ̀n tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ, ọ̀nà méjèèjì ni kó kọ ọ́ sí, lórí tépù tó ní íńṣì lápá kan àti mìlímítà lápá kejì.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ náà ni kí olùkọ́ fi kọ́ wọn ní ìṣirò. Ká ní ọ̀pá irin jẹ́ mìlímítà 6,000, tí wọ́n sì fẹ́ gé ègé tó jẹ́ 1,150. Ègé márùn-ún jẹ́ 5,750. Ojú gíráńdà ń jẹ nǹkan bíi mìlímítà 3 nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá gé e; ìgbà márùn-ún jẹ́ 15. Ó ku 235. Èwo nínú àwọn ègé kéékèèké iṣẹ́ náà ló lè ti inú 235 yẹn jáde? Àgbàlagbà tó ti ná ọjà rí máa ń fẹ́ràn irú ìṣirò yìí, nítorí owó ló ń rí níbẹ̀. Ẹni kan náà tó ń tòògbé nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ìṣirò lórí afẹ́fẹ́ á gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ olùkọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta títí dé ìkẹfà ni fífa ìlà àti síso irin méjì pọ̀, lórí irin àjákù. Géèjì 12, tí í ṣe mìlímítà 2.5, ń fẹ́ iná tó jẹ́ ampere 60 sí 90. Géèjì 10, tí í ṣe 3.2, ń fẹ́ nǹkan bíi 90 sí 130. Bí iná bá kéré, ẹlẹ́tírọ́ọ̀dù á lẹ̀ mọ́ irin; bó bá pọ̀ jù, á lu ú. Kí àlàfo ẹnu ẹlẹ́tírọ́ọ̀dù sí irin má ju bí ẹlẹ́tírọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ṣe nípọn tó lọ. Èyí tí ọ̀rinrin bá ti wọ̀ máa ń fi ihò wẹ́wẹ́ sínú ìlà, akẹ́kọ̀ọ́ á sì rò pé ọwọ́ òun ni kò dáa. Ẹ pa páálí mọ́ síbi gbígbẹ.

Níbí la ti fẹ́ kí ẹ ṣe ìṣirò kan tí ọ̀pọ̀ ètò kì í ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi tọkàntọkàn kọ́ ọ á jó tó ẹlẹ́tírọ́ọ̀dù 10 lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó di 120. Ọ̀kan géèjì 12 wúwo tó gíráàmù 18 sí 20, nítorí náà 120 súnmọ́ kílò 2.3. Fún akẹ́kọ̀ọ́ 16, ó tó páálí kílò 5 mẹ́jọ, fún oṣù kan péré, lórí irin tí ẹnikẹ́ni kò ní rà. Ẹ fi owó rẹ̀ sínú owó ìforúkọsílẹ̀, kí ẹgbẹ́ rà á, kí ẹ sì pín in fún ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má fi sí ọrùn ọ̀gá. Ọ̀gá tó bá ń wo ẹlẹ́tírọ́ọ̀dù rẹ̀ tó ń jóná dànù lórí àjákù á bẹ̀rẹ̀ sí í rán akẹ́kọ̀ọ́ náà níṣẹ́ kúrò nídìí máṣíìnì, láìfi ìkà ṣe é, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Báyìí ni àgbàlagbà ṣe ń di agbálẹ̀ àti olùra-omi.

Ní ti àkókò, oṣù mẹ́sàn-án, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 36, la dá lábàá. Ọjọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù, wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Ọ̀sán méjì ní kíláàsì, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Ìyẹn jẹ́ wákàtí 648 ní ṣọ́ọ̀bù àti 216 ní kíláàsì. Ó kéré sí ọdún mẹ́ta ọmọ iṣẹ́ lójú, àmọ́ ẹ yọ gbogbo ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ fi ń gbálẹ̀, tó ń dúró de iná, tó ń bá ìyàwó ọ̀gá gbé ẹrù, kí ẹ wá ka èyí tó kù. Ọjọ́ méjì tó kù nínú ọ̀sẹ̀ wà fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi wá oúnjẹ ilé rẹ̀. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Òjò á ti máa rọ̀, iṣẹ́ ìta á dín kù, ilẹ̀ tútù sì léwu fún ẹni tí kò tíì mọ okùn iná dì mú. Ìgbà yẹn ló dáa fún ìwọ̀n, àwòrán àti iṣẹ́ abẹ́ òrùlé. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá fi dé ní oṣù kọkànlá, tí àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín wá fi géètì àti irin fèrèsé sí ilé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tó bá yín lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago méjì sí márùn-ún, ló máa ń rọrùn jù fún kíláàsì. Ọjọ́ Ẹtì ní Jímọ̀, Sátidé ní òde, ẹ sì yẹra fún ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹni tó ń ná ọjà ọrọọrún ló fẹ́ àkíyèsí. Ọjọ́ ọjà rẹ̀ ń yí lórí ọjọ́ ọ̀sẹ̀, á bọ́ sí Ìṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan àti sí Ọjọ́bọ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 28. Nínú kíláàsì mẹ́jọ, méjì á ti lọ: ìdá mẹ́rin gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀! Ẹ kọ ọjọ́ ọjà gbogbo wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, kí olùkọ́ sì ya wákàtí kan sọ́tọ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú fún ẹni tí ọjà gbà kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má gbà ju akẹ́kọ̀ọ́ 16 lọ ní ọdún àkọ́kọ́, méjì-méjì sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ. Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá ní ju àgbàlagbà méjì lọ sórí máṣíìnì kan, ẹnì kẹta òǹwòran ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, kí wọ́n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀bù, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rí ọ̀gá mẹ́ta kí ètò tó parí. Ìdí rẹ̀ ni pé ṣọ́ọ̀bù kan lè má ṣe ju géètì lọ láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ, òmíràn jẹ́ ti ìdúró táǹkì omi, òmíràn ti àga àti bẹ́ẹ̀dì onírin. Ìpààrọ̀ yìí tún ń pa iná kan tí ẹ̀yin náà mọ̀. Ọ̀gá máa ń bẹ̀rù pé àgbàlagbà tí òun kọ́, tó ti ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, á ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, á kó oníbàárà òun lọ. Ẹ̀rù yìí ló ń mú kó fi kókó iṣẹ́ pamọ́. Bí ọ̀gá mẹ́ta bá jọ kọ́ ọ, ẹ̀rù á fúyẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pẹ̀lú pé láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ ló máa jọ fẹnu kò lórí ibi tó máa ṣí ṣọ́ọ̀bù sí.

Ẹ nílò alábòójútó kan, ìpò tí kò ṣeé fò nìyẹn. Ó máa bẹ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wò lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin lọ́sẹ̀, ìdajì wákàtí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó wo ìwé ìlànà, kó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìlà kan tí wọ́n ti buwọ́ lù lójú òun, kó sì bá a sọ̀rọ̀ níbi tí ọ̀gá ò ti ní gbọ́. Ohun tó bá rí ni kó mú lọ bá olùkọ́ kí Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ní kó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, á lọ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní lọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìwé àwọn Òyìnbó kì í sọ, tó sì lè tú irú ètò yìí ká nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ iṣẹ́ tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lè jẹ́ ọmọ ọdún 19. Òun ni ẹ̀gbọ́n nínú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun jẹ́ ẹni ọdún 43, bàbá ọmọ mẹ́rin. Ta ló ń kí ta? Ta ló ń rán ta lómi? Bí ọ̀gá ò bá là á sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nǹkan á yí ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kí ọ̀gá pe gbogbo wọn jọ, kó sọ pé: ọmọ iṣẹ́ á máa pe àgbàlagbà yìí ní Bàbá, Bùọ̀dá tàbí Àǹtí, kò sì gbọ́dọ̀ rán an níṣẹ́ rárá, àmọ́ nídìí máṣíìnì, ohun tí ọmọ iṣẹ́ bá wí nípa ewu ni àgbàlagbà á ṣe, lójú ẹsẹ̀, láìjanpata. Ọ̀gá náà, tó bá fẹ́ bá àgbàlagbà wí, kó pè é sí kọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fi àgbàlagbà ṣẹ̀sín lójú oníbàárà, ó lè má sọ nǹkan kan. Kò kàn ní wá mọ́ lọ́jọ́ kejì ni.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkejìlá lẹ máa rí i tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa ibi iṣẹ́ jẹ. Ẹ má yára pè wọ́n ní aláìṣe-déédéé. Owó tí wọ́n tọ́jú ló tán, owó ilé ìwé ọmọ sì dé. Láti ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń tà, nítorí náà ó tọ́ kí nǹkan bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní iṣẹ́ kan mú èrè ₦20,000 wá lẹ́yìn owó irin, ẹlẹ́tírọ́ọ̀dù àti epo jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá fi ìdá mẹ́wàá rẹ̀ sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó wà nídìí rẹ̀, ₦1,000 kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Iye tí ẹ bá fẹnu kò lé, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn. Èyí tí a fi sílẹ̀ fún "inú rere ọ̀gá" ni ìjà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún dá àjọ irinṣẹ́ láàárín ara wọn: ₦1,500 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 30 jẹ́ ₦45,000, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra tépù, ìbojú àti gíráńdà tirẹ̀. Ẹni tó bá sì ní láti dá ẹ̀kọ́ dúró, ẹ fún un ní oṣù mẹ́fà láti padà síbi ìlà tó dé nínú ìwé rẹ̀, láìsan owó tuntun.

Ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹgbẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ buwọ́ lù ú. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fẹ́ kí àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ wà ní àkọsílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì fọwọ́ sí i. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa níbi iṣẹ́ ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kò kan ọ̀gá bí iná bá jó ẹnì kan.

Ẹ tún ṣọ́ra lórí èyí: ẹ ní olùkọ́ kan ti gbà. Ìlérí olùkọ́ kan kò tó. Bí tírańsífà bá gbé e lọ sí Ṣakí ní oṣù kẹjọ, ètò yín tẹ̀ lé e lọ nìyẹn. Ọwọ́ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà ni kí ẹ ti gba lẹ́tà tó sọ yàrá tí wọ́n máa lò, ọjọ́ tí wọ́n máa lò ó, àti olùkọ́ kejì tó lè dúró fún ti àkọ́kọ́.

Ó wá ku ìwé ẹ̀rí. Fírídọ̀ọ̀mù ẹgbẹ́ níyì láàárín yín, ẹ má sì pa á tì, ṣùgbọ́n kò ní sọ nǹkan kan fún kọ́ńtíráàtọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Àbújá. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti Mínísírì Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń pè ní trade test: ipele 3 ló kéré jù, ipele 1 ló ga jù. Fún púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ kà fún wa yìí, ipele 3 ló bá wọn mu ní òpin oṣù mẹ́sàn-án, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ló jẹ wọ́n lógún jù. Èkejì ni NABTEB, àjọ ìdánwò ẹ̀kọ́ tẹ́kínnìkà àti òwò, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993. NTC, ìwé ẹ̀rí tẹ́kínnìkà wọn, dáa fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀ síwájú lẹ́nu ìwé, àmọ́ oṣù mẹ́sàn-án yìí nìkan kò tó fún un. Ibùdó tí wọ́n fọwọ́ sí ni èèyàn sì ti ń ṣe é. Ẹ̀kẹta ni NSQ, ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, lábẹ́ NBTE, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ tẹ́kínnìkà, lórí ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2013. Ẹ̀rí iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe ni wọ́n ń wò níbẹ̀: fọ́tò, ìbuwọ́lù, iṣẹ́ tó ṣe lójú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé ìlànà yín tó ní ọjọ́ àti ìbuwọ́lù ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yẹn. Kí wọ́n máa fi fóònù ya gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá dá ṣe, láti ọjọ́ kìíní, pẹ̀lú tépù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, orúkọ tó wà lórí NIN ni kí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, lẹ́tà fún lẹ́tà. Ẹni tó ń jẹ́ Ràfíù ládùúgbò, tí NIN rẹ̀ ń jẹ́ Abdulrafiu, á jìyà lórí rẹ̀ bí ìwé bá jáde. Yorùbá ni kí ẹ fi kọ́ wọn, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì iṣẹ́ mẹ́ta kún un ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì 72 ló wà, ó di ọ̀rọ̀ 216, ó sì tó láti ka àwòrán àti ìbéèrè ìdánwò.

Ní ti àwọn obìnrin méjì yẹn, ẹ fi wọ́n sí ṣọ́ọ̀bù kan náà, níbi tí ilé ìtura tó ṣeé tì wà. Aṣọ òwú tó bo apá àti ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀; ọ̀rá àti aṣọ tó ń dán máa ń yọ́ mọ́ ara bí ẹta iná bá bà á. Bí ọ̀kan bá lóyún, kó kúrò nídìí èéfín, kó máa bá kíláàsì lọ, kó sì lo àyè oṣù mẹ́fà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ má tíì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ yan ọ̀gá mẹ́ta tó máa kọ ìwé ìlànà. Ẹ rán ẹni méjì lọ bá ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ fún lẹ́tà. Ẹ ka iye ọ̀gá tó na ọwọ́ sókè pé àwọn á gba akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Bí wọn ò bá pé mẹ́jọ, ẹ dín akẹ́kọ̀ọ́ kù, ẹ má fi ẹni kẹta kún ṣọ́ọ̀bù kankan.